Ilé Oyin Tó Ní Táyà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kó má fi sílẹ̀, etí nìkan ni kó yá mi. Ìtàn oyin ni mo gbé wá, àmọ́ kì í ṣe oyin tí à ń lá o. Oyin tó ń fò ni, àti ọmọbìnrin kan tó gbé ọkọ́ jáde láti lé e kúrò lóko, tí kò mọ̀ pé olówó orí òun wà láàárín wọn.

Àárọ̀ kùtù ni. Ìrì ṣì wà lórí ewé ẹ̀wà, àwọn òdòdó aláwọ̀ àlùkò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu. Àbíkẹ́yìn gba poro kan, ó gba ìkejì, ló bá gbọ́ hùn-ùn-ùn bí ẹni pé ilẹ̀ ń kùn. Ó gbójú sókè. Ọkùnrin kan ló dúró létí oko, funfun láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀n bò ó lójú bí ìyàwó tó ń tijú. Oyin rọ́ yí i ká bí èéfín, kò sì sáré. Ṣe ló ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi kún orí tí kò fẹ́ kó dà.

Lẹ́yìn ọkùnrin náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan wà tó la ẹnu sílẹ̀, ìdí àgbàlagbà kan yọ níbẹ̀, orí rẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì. Baba Sípánà nìyẹn, mẹkáníìkì tí kò sí ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà yẹn tí kò mọ ikọ́ rẹ̀. Àpótí oyin bí ogún sì tò sábẹ́ igi, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn wọn.

"Ta ló ní kí ẹ já oyin sí mi lóko?" Àbíkẹ́yìn nawọ́ ọkọ́ sí i.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Olóyin wí.

"Mi ò kí yín. Oyin ta ni?"

"Tèmi ni. Ọkọ̀ ló kú sí wa lọ́wọ́. Tí mo bá sé wọn mọ́lé títí oòrùn á fi mú, kò sí ọ̀kan tó máa yè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní òjìji igi yìí."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta!" Baba Sípánà ló dáhùn láti inú ẹ́ńjìnnì. "Bí kò bá tún sí nǹkan míì."

"Ọjọ́ mẹ́ta! Kí wọ́n lè rí àyè jẹ òdòdó mi tán?"

"Oyin kì í jẹ òdòdó," ni Olóyin wí. "Ó máa ń kí i ni. Bó bá ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ ìkejì, àtíkè òdòdó á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àtíkè yẹn ló ń sọ òdòdó di ọmọ."

"Ẹ̀yin náà, ta ló da àtíkè lé yín lórí láti òkè délẹ̀ báyìí?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ká àwọ̀n kúrò lójú. Háà! Ojú ọ̀tún rẹ̀ wú bonbo bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú iná. Àbíkẹ́yìn gbìyànjú, kò lè mú un mọ́ra. Ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olóyin tí oyin ta!"

"Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni ó fi fún un lésì, ó sì ń fi ojú kan tó kù wò ó bí ẹni tí ojú kan yẹn ti tó fún.

Baba Sípánà yọ orí jáde kó wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí kò ti gbọ́ ẹ̀rín nínú oko yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni Bàbá, ìyẹn bàbá Àbíkẹ́yìn, bí, mẹ́rin ti wà nígboro, Àbíkẹ́yìn nìkan ló kù sílé. Oko ẹ̀wà yẹn, ti ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀wà tó ń fà mọ́ igi ni, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni òun náà ti gbà á, inú ìgò ni wọ́n sì máa ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ sí, pẹ̀lú eérú, kí kòkòrò má baà dé ibẹ̀. Ìyá kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀wà ti ń yọ òdòdó yàà, tí kì í sì í so. Èèpo á rọ̀ wálẹ̀ pẹlẹbẹ, bóo bá là á, hóró kan, bí kò bá ṣe òfìfo.

Bàbá ti sọ ọ́ délẹ̀: ọdún yìí àti èyí tó ń bọ̀. Bí ẹ̀wà kò bá so, wọ́n á tu gbogbo igi, wọ́n á gbin àgbàdo, Àbíkẹ́yìn á sì kó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígboro. Irúgbìn tó kù nínú ìgò kò ju ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta lọ. Nígbà míì, Àbíkẹ́yìn á gbé ìgò náà mì, á gbọ́ bó ṣe ń ró ṣẹkẹṣẹkẹ, á wá rò ó pé bí eléyìí bá tán, kí lòun tún máa nawọ́ sí tóun á sọ pé ìyá òun nìyí?

Ohun tó gbé lọ́kàn nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti sọ ọ́ fún Olóyin. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ bó ṣe sọ ọ́. Omi ló gbé lọ fún ọkùnrin náà, ló bá bá a lórí korobá tó dojú dé láàárín poro, tó ń wo òdòdó kan ṣáá bí ẹni tó ń dúró kó sọ̀rọ̀. Ó béèrè pé kí ló ń wò, ọ̀rọ̀ sì fa ọ̀rọ̀.

"Jókòó síbí," ni Olóyin wí. Wọ́n ti pa "ẹ" tì nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tí wọ́n pa á tì. "Wo ètè ìsàlẹ̀ òdòdó yìí. Ilẹ̀kùn ni, ó sì le. Wo ọmọ mi tó ń bọ̀ yẹn."

Oyin kékeré kan bà lé òdòdó náà. Ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó tún un tì. Ló bá yí gba ẹ̀yìn, ó wá ihò kan níbẹ̀, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó mu tán, ó bá tirẹ̀ lọ láìfi àtíkè kankan kan ara.

"Olè ni!" ni Àbíkẹ́yìn pariwo.

"Ọmọ mi ni. Àmọ́ olè ni, mi ò ní purọ́ fún ọ."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni nǹkan kan ti dún wáá bí alùpùpù. Oyin dúdú ńlá kan, tó tó àtàǹpàkò, já wálẹ̀ sórí òdòdó kan náà. Ètè òdòdó tẹ̀ ba, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ó wọlé. Nígbà tó jáde, àtíkè ti bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí aṣọ, ó sì kọjá sí òdòdó mìíràn.

Olóyin ti dìde dúró. "Gbẹ́nàgbẹ́nà!"

"Ta ni gbẹ́nàgbẹ́nà?"

"Òun ni. Ẹnikẹ́ni kò sìn ín. Inú igi gbígbẹ ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ ló fi ń lu ihò róbótó sára igi, á fi yàrá ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kì í tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹnì kan lọ síbì kan. Tó bá ti rí igi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó parí. Ẹ̀wà yín yìí, òun ni wọ́n dá ilẹ̀kùn rẹ̀ fún. Ó yẹ kó tó ogójì níbí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì rí láti àná." Ó wo etí oko yíká. Ilẹ̀ mọ́ féfé, wọ́n ti gbá a. "Igi gbígbẹ yín dà?"

Àbíkẹ́yìn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbé igi tó bá wó kúrò létí oko. Orí ọ̀kan nínú wọn ló máa ń jókòó sí láti simi, á sì fi gèlè rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Bàbá kó gbogbo igi náà jọ, ó sì dáná sun ún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní ojú òun kò lè máa rí ibi tó ń jókòó. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ka kan bá já bọ́ lóko yẹn, kì í sùn síbẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣoṣo náà ń kùn lọ láti òdòdó dé òdòdó, bí ẹni tí òun nìkan ń ṣe iṣẹ́ ogójì èèyàn.

Ẹ gbọ́ o. Olóyin yìí, ó ti ń wá ohun tó máa dá a dúró síbẹ̀, torí ọkàn rẹ̀ ti ń fà. Bó bá ní, "Fi oyin tèmi sílẹ̀ níbí, wọ́n á ṣe é fún ọ," ta ni ì bá já irọ́ rẹ̀? Òtítọ́ sì ni oògùn tí kì í tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé:

"Tèmi á ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àmọ́ mo máa ń kó wọn wá ni, mo máa ń kó wọn lọ ni. Ẹni tó ń gbébẹ̀ ni oko yìí ń fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fà á lọ́kàn. Àbíkẹ́yìn wo ojú rẹ̀ tó ti ń lọ sílẹ̀, ó sì dun ún díẹ̀, nítorí wíwú ọ̀hún ti ń mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ mẹ́ta di márùn-ún, márùn-ún di mẹ́wàá. Bí wọ́n bá bi Baba Sípánà, á ní bóòtù kan, irin kékeré tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì, ló kù láti rí. Olóyin kò sì bínú sí i. Ìdí ẹ̀wà ni òun àti Àbíkẹ́yìn ń wà láàárọ̀ títí òdòdó á fi pa ẹnu dé, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sídìí àpótí, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fín oyin ní èéfín jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá ni Bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sóko. Ó bá wọn níbi tí Olóyin ti ń yọ ẹ̀gún lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìwọ, níbo nilé ẹ?"

Olóyin dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ibi tí òdòdó bá wà ni."

"Mi ò bi ọ́ léèrè oyin. Ìwọ ni mo bi."

"Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ń sùn, Bàbá."

Bàbá wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ilé tó ní táyà," ni ó wí. "Mo bí ọmọ márùn-ún, mẹ́rin ti bá ọ̀nà lọ. Ìyá wọn náà ti bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó ṣẹ́kù yìí, mi ò ní fi í fún ilé tó ní táyà. Ó tán."

Ọjọ́ kejì, bóòtù di rírí. Wọ́n ti ń kó àpótí sọ́kọ̀ nígbà tí Àbíkẹ́yìn dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"O ò sì lè bá Bàbá jiyàn?"

"Kò purọ́ mọ́ mi. Kí ni màá fi jiyàn?"

"Fi ẹnu ẹ!"

"Ẹnu ò kọ́lé, olólùfẹ́ mi." Ó fọwọ́ kan àpótí kan tó dá wà lábẹ́ igi. "Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ. Ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ á padà wá."

"Ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ tí kò padà wá pọ̀ láyé yìí," ni Àbíkẹ́yìn wí, ó sì yí ẹ̀yìn padà kó má baà rí omijé òun. Ìró ọkọ̀ náà lọ títí ó fi kéré ju kíkùn oyin lọ.

Ìkórè ọdún yẹn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn poro tó wà nítòsí ibi tí àpótí tò sí so ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Àbíkẹ́yìn rí i, ó sì fi í sọ́kàn. Ó ń tọ́jú àpótí kan ṣoṣo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oyin ta á ní ètè òkè. Nígbà tó wọlé, ètè náà ti yọ síwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá ẹ nìyẹn géélé," ni ó wí, "lọ́jọ́ tó bá bínú sí mi."

Ọdún mẹ́rin nìyẹn tí kò ti dárúkọ ìyá. Àbíkẹ́yìn jókòó tì í lẹ́sẹ̀. Ó rọra sọ ọ̀rọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà fún un: ilẹ̀kùn òdòdó, igi gbígbẹ, ihò róbótó. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin.

"Ṣé èmi ni mo pa ẹ̀wà rẹ̀?"

"Ẹ ò pa nǹkan kan, Bàbá. Ẹkún lẹ sun. Ẹ ò mọ̀ pé iná wà nínú ẹ̀ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ka kan já bọ́ létí oko. Bàbá gbé ọwọ̀ dé ibẹ̀, ó dúró tì í, ó sì gbé ọwọ̀ náà padà sílé.

Ẹ̀ka kan kì í di ilé gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́sẹ̀ kan. Ọdún yípo. Àbíkẹ́yìn da gbogbo irúgbìn inú ìgò sílẹ̀, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù, torí ọdún tí Bàbá dá ti pé. Ẹ̀wà hù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà mọ́ igi. Òdòdó kò tíì yọ nígbà tó gbọ́ ohùn ọkọ̀ kan tó ń wúkọ́ bọ̀ lọ́nà. Ó mọ ikọ́ yẹn. Ó ní òun ò ní sáré. Ó sáré.

Kò sí àpótí kankan nínú ọkọ̀. Igi gbígbẹ ló kún un dẹ́nu, ńlá àti kékeré, gbogbo wọn ní ihò róbótó lára, wọ́n sì fi àkísà dí ihò kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ àwọn eléèédú ni mo ti gbà wọ́n," ni Olóyin wí bó ṣe ń sọ̀. Ó ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bu. "Láti ibi tí wọ́n ti ń gé igbó dé ibi tí wọ́n ti ń gé igbó. Màá fi etí lé igi, tí mo bá gbọ́ tí nǹkan kùn nínú ẹ̀, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sun ún. Wọ́n ní orí mi ti dàrú."

"Ó ti dàrú tipẹ́," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Àwọn ọmọ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tí kì í kó lọ ni mo kọ́kọ́ gbé wá."

Wọ́n to igi náà sí etí oko ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń tú àkísà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń wò wọ́n láti òkèèrè. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó tóbi jù, tí wọ́n fẹ́ gbé e kalẹ̀, ohùn rẹ̀ dún lẹ́yìn wọn.

"Kì í ṣe ibẹ̀." Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ẹsẹ̀ wá ibì kan nílẹ̀, ó rí i. "Ibí ló máa ń wà. Ó fẹ́ràn kí oòrùn àárọ̀ kan òun lẹ́yìn."

Wọ́n gbé e síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Olóyin lọ pe Baba Sípánà. Jáàkì dé, sípánà dé. Wọ́n tú táyà kìíní, wọ́n tú ìkejì, wọ́n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì gbé ọkọ̀ lé orí òkúta. Olóyin yí táyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan dé iwájú ilé Bàbá, ó tò wọ́n síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò lè fi ọmọ yín fún ilé tó ní táyà. Táyà náà nìyí."

Bàbá wo táyà, ó wo ọkùnrin tó nà sílẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?" ni Olóyin bi Àbíkẹ́yìn.

"Ó túmọ̀ sí pé yàrá Bàbá á máa rùn rọ́bà."

Òdòdó yọ. Ì bá jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀ láàárọ̀! Gbẹ́nàgbẹ́nà ń já wálẹ̀ wáá, wáá, ilẹ̀kùn òdòdó ń ṣí. Àwọn àpótí oyin náà ti dé, àwọn kékeré sì kọ́gbọ́n: bí èyí ńlá bá ti ṣí ilẹ̀kùn jáde, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà wọlé kó tó padé. Olóyin ti kọ́ yàrá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji igi, ó sì gbin òdòdó oríṣiríṣi yí oko ká, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà ní ìdí láti rìnrìn àjò mọ́ tí ẹ̀wà bá tán. Nígbà tí èèpo yọ, wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ pẹlẹbẹ, Àbíkẹ́yìn ń lọ wò wọ́n láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó mú ọ̀kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó kún. Ó là á: hóró méje, wọ́n há mọ́ra wọn bí ọmọ ìyá kan lórí ẹní. Ó jókòó sórí igi ìyá rẹ̀, ó sì sunkún bó ṣe wù ú.

Wọ́n kórè. Òkìtì ẹ̀wà ga lágbàlá débi pé ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò rí ẹni tó wà lódì kejì. Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ rọ ìgò kún, ó fi eérú bò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ru ìyókù lọ sọ́jà, agbọ̀n kan lẹ́yìn òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rù ú, òkìtì kò yẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, Bàbá dìde níbi tó jókòó sí, ó wọ yàrá. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri nínú ilé. Táyà kan jáde, ìkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta.

"Olóyin! Wá gbé táyà ẹ. Àbí orí ọmọ mi lo fẹ́ kí gbogbo èyí gbà dé ọjà?"

"Bàbá, ẹ ṣáà ní…"

"Mo mọ ohun tí mo ní. Tí èèyàn bá ti ní ilé, ọkọ̀ á padà di ọkọ̀. O ti nílé báyìí."

Baba Sípánà ti ka táyà. "Àgbà, mẹ́ta ò lè rìn o."

"Mo mọ̀. Ìkẹrin á jáde lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kí ẹ tètè mú ọjọ́ ni o, kí ẹ̀wà má baà hù sí mi lágbàlá."

Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n Olóyin kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Àbíkẹ́yìn. "Bàbá ti sọ tiẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Àbíkẹ́yìn sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó fi ìka tọ́ ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ jẹ́jẹ́, níbi tí oyin ti ta á lọ́jọ́ kìíní.

"Èmi ti sọ tèmi látìgbà tí ibí yìí ti wú. Ìwọ lo ń fi ojú kan wò, o ò rí i."

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Ìkẹrin jáde.

Baba Sípánà fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, lábẹ́ ọkọ̀ tèmi tó ń tún ṣe lọ́wọ́. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fi bóòtù kékeré kan hàn mí, tó ti ń dán nítorí pé wọ́n ti ń fọwọ́ pa á tipẹ́. Ó ní ọjọ́ kẹta gan-an ni ọkọ̀ Olóyin ti yá, pé kò nílò bóòtù kankan.

Mo bi í pé ìgbà wo ni tèmi á yá. Ó ní ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ojú mi bá ń wò níbí.